Páálí Lásán ní Ọdún Kérésì

Àwọn kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fi owó gidi ra róbọ́ọ̀tì ìṣeré àtijọ́. Ìwé ọjà Kérésì tí Sears bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ ní 1933 ni wọ́n fi ń ṣèwádìí: iye tí wọ́n tà á, ohun tó yẹ kó bá a wá. Èyí kò burú. Ohun tí mo bá wọn jà sí ni pé èyí tí ẹnikẹ́ni kò ṣí páálí rẹ̀ rí ni wọ́n ń gbé gẹ̀gẹ̀, àwọn náà kò sì ní ṣí i.

Ẹ gbọ́ ná. Ní 1977, sinimá Star Wars jáde, àwọn ọmọdé ń bèèrè R2-D2, róbọ́ọ̀tì kékeré inú rẹ̀. Iṣẹ́ kò tíì parí lọ́wọ́ Kenner tó ń ṣe é. Kí ni wọ́n wá tà ní Kérésì? Páálí pẹlẹbẹ! Àwòrán ló wà níbẹ̀, àti ìwé ẹ̀rí tí ọmọ máa fi ránṣẹ́. Ó di 1978 kí ère mẹ́rin tó dé. Ọmọ ń retí róbọ́ọ̀tì, ẹ gbé páálí fún un! Páálí yẹn gan-an làwọn àgbààgbà ń wá kiri báyìí, bí ìwé ẹ̀rí bá ṣì wà nínú rẹ̀, ayọ̀ wọn á kún. Ẹ ò rí nǹkan!

Ní tèmi o, ẹ fún mi ní róbọ́ọ̀tì páànù tí wọ́n ṣe ní Jàpáàn láyé ọdún 1950, tí ọ̀dà rẹ̀ ti họ, ṣùgbọ́n tí mo bá yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, tó ṣì ń rìn kẹ́jẹ́kẹ́jẹ́ lórí tábìlì.