Àwòrán Aláìlọ́rọ̀ àti Òṣùwọ̀n Làákàyè: Àgbéyẹ̀wò Ìdánwò Raven

Nínú àwọn ìdánwò tí àwọn onímọ̀ ìhùwà ẹ̀dá fi ń wọn làákàyè, díẹ̀ ni òkìkí rẹ̀ kàn tó èyí tí John C. Raven gbé jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1938. Ìbéèrè 60 ni ó wà nínú rẹ̀. Bátànì kan ni a yà, a fi apá kan rẹ̀ sílẹ̀ ní òfìfo, ẹni tí ń ṣe ìdánwò yóò sì mú èyí tí ó bá a mu nínú ẹyọ mẹ́fà tàbí mẹ́jọ. Nítorí pé kò sí ọ̀rọ̀ kíkà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ gbà pé kò fì sí ọ̀dọ̀ àṣà kankan. Èrò yìí ni a fẹ́ tako.

Ní ọdún 1931 àti 1932, A. R. Luria fi àwòrán han àwọn ará abúlé ní Uzbekistan. Àwọn tí ó ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ pe àwòrán onígun mẹ́ta ní onígun mẹ́ta. Àwọn obìnrin tí kò mọ̀wé ní tírà ni. Roboto di àwo tàbí òṣùpá lójú wọn. Onígun mẹ́rin di dígí tàbí ilẹ̀kùn. Ṣé òye ni wọn kò ní? Rárá o. Ohun tí àlọ́ àpamọ̀ tiwa ń kọ́ ọmọ gan-an ni wọ́n ṣe: kí ni nǹkan yìí jọ? Ìdánwò Raven ń fẹ́ òdìkejì rẹ̀. Àmì kò gbọdọ̀ jọ ohunkóhun. Ipò rẹ̀ láàrin àwọn àmì yòókù nìkan ni ó já mọ́ nǹkan. Inú ìwé, nínú tábìlì àti máàpù, ni ojú ti ń mọ irú ìwòye bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rí James Flynn ní ọdún 1987 tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ilẹ̀ Netherlands, láàrin 1952 sí 1982, èsì àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí a yẹ̀ wò fún iṣẹ́ ológun fi nǹkan bí 20 ga sí i, lórí òṣùwọ̀n tí 100 jẹ́ àárín rẹ̀. Àbímọ́ kò lè yí padà tó bẹ́ẹ̀ láàrin ọgbọ̀n ọdún. Flynn fúnra rẹ̀ kò gbà pé àwọn ọmọ gbọ́n ju bàbá wọn lọ tó bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, a kò ní kí a da ìdánwò náà nù. Carpenter, Just àti Shell fi hàn ní ọdún 1990 pé ẹni tí ó lè di òfin púpọ̀ mú lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan náà ni ó ń borí àwọn ìbéèrè tí ó le. Agbára gidi sì ni èyí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kíyè sí bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n: wọ́n ní kí àwọn tí ń ṣe é máa sọ èrò wọn jáde. Olùkọ́ tí ó kàn ṣírò máàkì kò ní gbọ́ èrò kankan, ọmọ tí ó rí tírà níbi tí a ti ní kí ó rí onígun mẹ́ta yóò sì gba òdo bí ẹni tí kò ronú rárá.