Python àti Àmì Ohùn Wa: Àtúnṣe Wo Ló Tọ́ sí Wàhálà?

Ìmọ̀ ẹ̀dá èdè ni iṣẹ́ mi, kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ń bá mi ka ọ̀rọ̀ Yorùbá, ó di dandan kí n yẹ̀ ẹ́ wò.

Python ni mo ní lọ́kàn. Èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà ni. Ètò tí wọ́n bá fi kọ sì sábà máa ń nílò Python lórí kọ̀ǹpútà kó tó lè ṣiṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan ló bá mi kọ ètò kékeré kan láyé Python 2, tó ń ka iye lẹ́tà inú ọ̀rọ̀. Mo ra kọ̀ǹpútà tuntun, ètò náà yarí. Inú bí mi gan-an.

Ìgbà tí a tún un kọ fún Python 3 ni ojú wá tì mí. Bí ẹni tó kọ ètò kò bá dìídì sọ fún Python 2, báìtì ló ń kà, kì í ṣe lẹ́tà. Ẹ wo ‘ọ̀’: márùn-ún ló kà á sí, mẹ́ta fún ‘ọ’, méjì fún àmì ohùn. Python 3 kà á sí méjì: lẹ́tà kan, àmì kan. Àṣé àwọn iye tí mo ti fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́, wọn ò tọ̀nà!

Nítorí náà, àwọn tó ṣe Python jàre níbí. Oṣù Kejìlá 2008 ni ẹ̀dà 3.0 jáde. Wọ́n kọ́kọ́ ní àwọn yóò pa Python 2 tì lọ́dún 2015, wọ́n tún sún un di ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2020. Ẹni tó sùn títí di ìgbà yẹn, kó má dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Èmi náà sùn.

Ibi tí mo ti takò wọ́n nìyí. Láti 2020, oṣù Kẹwàá ọdọọdún ni ẹ̀dà tuntun ń jáde, ọdún márùn-ún ni wọ́n sì fi ń tọ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn nìkan ò burú. Àmọ́ wọ́n tún ń yọ ohun àtijọ́ kúrò: distutils lọ ní ẹ̀dà 3.12 lọ́dún 2023, cgi lọ ní 3.13 lọ́dún 2024. Wọ́n kìlọ̀ o, ṣùgbọ́n nǹkan bí ọdún méjì péré ni. Ṣé ìyẹn tó fún ẹni tó ń kó ọ̀rọ̀ jọ fún ìwé atúmọ̀ èdè?

Àkọtọ́ 1974 sọ ‘aiye’ di ‘ayé’, síbẹ̀ a ṣì ń ka ìwé àwọn tó kọ ‘aiye’. Ètò kọ̀ǹpútà àtijọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ńṣe ló máa yadi. Àtúnṣe tó mú òtítọ́ wá, bíi ti 2008, tọ́ sí wàhálà tó bá a rìn. Èyí tó kàn ń gbálẹ̀ ilé, ó yẹ kó rọra.

Ẹ̀yin ọmọ mi tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ lórí èdè, ẹ kọ nọ́ńbà ẹ̀dà tẹ́ ẹ lò sínú iṣẹ́ yín. Ẹ dán ètò yín wò lórí ẹ̀dà tuntun lọ́dọọdún, kí gbèsè má baà pọ̀ jù. Ẹ sì tọ́jú ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ kó jọ lọ́tọ̀, sínú fáìlì tó ṣeé kà láìsí ètò yẹn. Ètò lè kú. Ọ̀rọ̀ kò gbọ́dọ̀ bá a lọ.