SÌN ÀTI BỌ: ÀGBÉYẸ̀WÒ Ọ̀RỌ̀-ÌṢE MÉJÌ

Ó ti mọ́ wa lára láti máa fi 'sìn' pe ìfọkànsìn tòótọ́, kí a sì fi 'bọ' sílẹ̀ fún igi àti òkúta. Èrò wa ni pé ìlò èdè kò ti ìpín yìí lẹ́yìn. Láyé àtijọ́, ìwọ̀fà a máa sin olówó rẹ̀. A máa ń sin àlejò sọ́nà. Adìyẹ pàápàá, ohun ọ̀sìn ni. Ṣùgbọ́n a kì í bọ olówó, a kì í bọ àlejò. Ògún, Ifá àti orí ni à ń bọ. Òwe tí ó ní 'Orí là bá bọ, à bá fòrìṣà sílẹ̀' fi hàn pé 'bọ' kò mọ sí ọ̀dọ̀ òrìṣà. Nínú Bíbélì Yorùbá tí ó jáde lódindi ní 1884, ẹ̀ṣẹ̀ ni ìbọ̀rìṣà, síbẹ̀ Ọlọ́run ni a ń rú ẹbọ sísun sí. Ara 'bọ' kan náà sì ni ẹbọ ti yọ.

Nítorí náà, ìdájọ́ ẹlẹ́sìn mìíràn ni ó sọ 'abọ̀rìṣà' di èébú, kì í ṣe ìtumọ̀ ọ̀rọ̀. Bí àwa olùwádìí bá gba ìdájọ́ náà ní ìtumọ̀, a ti dá ẹjọ́ kí a tó gbọ́ tẹnu ẹni tí à ń kọ̀wé nípa rẹ̀.