Yíyan Kílọ́ọ̀ṣì àti Fúláíwíìlì fún Ọkọ̀ Ram Oní-Cummins

Ram tó ń lo ẹ́ńjìnnì Cummins wà lára àwọn ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù tí àwọn ará Amẹ́ríkà fọkàn tán fún iṣẹ́ agbára. Òun ni àgbẹ̀ fi ń fa ẹṣin lọ sọ́jà, òun náà ni kọ́ńtírákítọ̀ fi ń fa katakata lọ síbi iṣẹ́. Ọdún 1989 ni irú rẹ̀ àkọ́kọ́ dé, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì líta 5.9 tí agbára ìyípo rẹ̀ jẹ́ 400 lb-ft. Nígbà tó fi máa di 2018, ẹ́ńjìnnì líta 6.7 tó rọ́pò rẹ̀ ti dé 930 lb-ft nínú ọkọ̀ tí gíà rẹ̀ ń pààrọ̀ ara rẹ̀. Ẹni tó ra ti ọdún kan náà pẹ̀lú gíà ọlọ́wọ́, 660 péré ni wọ́n fún un. Ẹ́ńjìnnì kan náà ni. Gíábọ́ọ̀sì G56 àti kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ni wọn kò fẹ́ di ẹrù tó pọ̀ jù lé lórí. Ọdún yẹn náà ni gíà ọlọ́wọ́ tán nínú Ram.

Àwọn tó ní irú ọkọ̀ yìí kì í sábà gbà pé 660 tó. Wọn a yí ètò inú kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì padà, wọn a fi tọ́bò tó tóbi sí i, epo á sì túbọ̀ máa wọlé. Kílọ́ọ̀ṣì ló sábà máa ń kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Àmì rẹ̀ kò fara sin: awakọ̀ wà ní gíà tó ga, ó tẹ tọ́tù lórí òkè, ẹ́ńjìnnì ké, abẹ́rẹ́ tó ń ka yíyí rẹ̀ fò sókè, ọkọ̀ kò sì sáré ju bó ṣe ń sáré tẹ́lẹ̀. Kílọ́ọ̀ṣì ti ń yọ̀ nìyẹn.

Kí a tó yan èyí tí yóò rọ́pò rẹ̀, ó yẹ kí a mọ bí àwọn nǹkan wọ̀nyí ṣe rí. Fúláíwíìlì jẹ́ irin róbótó pẹlẹbẹ tó wúwo, tí a fi bóòtù dè mọ́ ìdí kíráńkì. Eyín wẹ́wẹ́ yí etí rẹ̀ ká. Ibẹ̀ ni sítátà ń gbá mú nígbà tí a bá ṣáná sí ọkọ̀. Ojú rẹ̀ ni a de pírẹ́ṣọ̀ pléètì mọ́. Díìsì wà láàárín àwọn méjèèjì bí àkàrà tí a há sínú búrẹ́dì, kò sì so mọ́ ẹ́ńjìnnì rárá: ihò eléyín tó wà láàárín rẹ̀ ló fi wọ ọ̀pá gíábọ́ọ̀sì. Bí ẹsẹ̀ kò bá sí lórí kílọ́ọ̀ṣì, sípíríìnì inú pírẹ́ṣọ̀ pléètì yóò tẹ díìsì mọ́ fúláíwíìlì, gbogbo wọn á máa yí pọ̀. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, bẹ́ríìnì kan yóò ti sípíríìnì náà, díìsì á bọ́ lọ́wọ́ wọn, a ó sì lè pààrọ̀ gíà.

Iye agbára tí kílọ́ọ̀ṣì lè gbé láì yọ̀ dúró lórí nǹkan mẹ́rin: bí sípíríìnì ṣe le tó, bí ojú díìsì ṣe ń di irin mú tó, bí díìsì ṣe fẹ̀ tó, àti iye ojú tó ń kan irin. Ohunkóhun tí oníṣòwò bá kọ sára páálí, ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ló ń tà. Èyí tó rọrùn jù láti ṣe ni kí wọ́n mú sípíríìnì le, ẹsẹ̀ awakọ̀ ni yóò sì jìyà rẹ̀ nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ. Fífẹ̀ díìsì ní ààlà, nítorí ilé tó bo kílọ́ọ̀ṣì kò lè gbòòrò sí i. Ìnṣì 13 ni ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń ṣe fún Ram. Ọ̀nà tó tẹ́ mi lọ́rùn jù ni díìsì méjì. Irin pẹlẹbẹ kan wà láàárín wọn, ojú tó ń kan irin á di mẹ́rin dípò méjì, agbára á pọ̀ láìjẹ́ pé sípíríìnì le kọjá ààlà. Owó rẹ̀ ga, ó sì máa ń ró kẹ̀kẹ̀kẹ̀ nígbà tí a bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì, torí pé irin àárín náà kò dúró sójú kan. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé nǹkan ti já.

Ohun tí a fi bo ojú díìsì náà ṣe pàtàkì. Awọ ni wọ́n fi ń ṣe é nígbà tí mọ́tò ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé. Asibẹ́sítọ́ọ̀sì tó tẹ̀ lé e fara da iná dáadáa, ṣùgbọ́n eruku rẹ̀ ń pa ẹ̀dọ̀fóró. Ọdún 1999 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de ìyókù tí wọ́n ṣì ń lò. Nítorí náà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi afẹ́fẹ́ fọn eruku kílọ́ọ̀ṣì àtijọ́ síta. Lónìí, okùn gíláàsì àti wáyà bàbà tí a fi oje lẹ̀ pọ̀ ni ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀: ó ń gbá mú wọ́ọ́rọ́wọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá gbóná jù, yóò jó, yóò sì máa yọ̀. Séráámíìkì kò bẹ̀rù iná, àmọ́ gbà! ló ń gbá mú, ọkọ̀ á sì ta síwájú. Ẹni tó ń fi ẹ̀yìn ti tirélà wọ àyè tóóró, tó ń fi kílọ́ọ̀ṣì bàláǹsì ọkọ̀, kò lè fara mọ́ ìyẹn. Àwọn kan ń fi ọ̀kan sí ojú iwájú díìsì, èkejì sí ẹ̀yìn, mo sì rò pé ìyẹn bá iṣẹ́ ẹrù mu.

Ọ̀rọ̀ fúláíwíìlì ló gba sùúrù jù. Pisitínì mẹ́fà ló wà nínú Cummins, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni iná sì ń bú nínú rẹ̀ bí kíráńkì bá yí lẹ́ẹ̀kan. Bí ọkọ̀ bá dúró tí ẹ́ńjìnnì ń yí nígbà 800 ní ìṣẹ́jú kan, ó ń gbá kíráńkì nígbà 40 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ìwúwo fúláíwíìlì ló ń pa gbígbá yìí rẹ́ kí ó má baà dé gíà. Èyí tó bá G56 wá jẹ́ irin méjì tí sípíríìnì wà láàárín wọn, kí ọ̀kan lè yẹ̀ díẹ̀ kí èkejì tó tẹ̀ lé e. Láti ọdún 1985 ni ilé iṣẹ́ LuK ti Jámánì ti ń ṣe irú rẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu fún ọkọ̀. Ó tuni lára, kò pariwo. Ṣùgbọ́n bí agbára ẹ́ńjìnnì bá pọ̀ sí i, sípíríìnì inú rẹ̀ á máa lù títí dé òpin, á rẹ̀, irin méjèèjì á sì máa mì. Rírà ni wọ́n sábà máa ń ra òmíràn, nítorí kì í ṣe ohun tí a ń há lójú.

Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń rọ́pò rẹ̀ pẹ̀lú fúláíwíìlì onírin kan ṣoṣo. Ó lágbára, kò ní ohun tó lè rẹ̀ nínú, ojú rẹ̀ sì ṣeé há bí iná bá ti sọ ọ́ di aláwọ̀ búlúù. Ìyà rẹ̀ ni ariwo: bí ọkọ̀ bá wà ní núútírà, eyín gíà á máa lu ara wọn gbàgàgbàgà. Díìsì tó ní sípíríìnì láàárín ń dín in kù, kò lè pa á tán. Ẹni tí ariwo yóò bí nínú, kó mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó sanwó. Ní ti fúláíwíìlì alumíníọ́ọ̀mù, tó fúyẹ́, ọkọ̀ eré ìje ló wà fún. Ọkọ̀ tó fẹ́ gbéra pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn nílò ìwúwo, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ́ńjìnnì á máa kú mọ́ awakọ̀ lọ́wọ́.

Kílọ́ọ̀ṣì tó lágbára jù náà ní ewu tirẹ̀. Bí kò bá lè yọ̀ rárá, gbogbo gbígbá tí ẹ́ńjìnnì bá gbá á, inú gíábọ́ọ̀sì ni yóò lọ, alumíníọ́ọ̀mù sì ni ara G56. Kí agbára kílọ́ọ̀ṣì fi díẹ̀ ju ti ẹ́ńjìnnì lọ ti tó. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọkọ̀ náà sá eré ìje gbọ́dọ̀ wá àmì SFI, àjọ tó ń ṣètò ìlànà ààbò fún ohun èlò eré ìje, lára ohun tó ń rà: 1.1 fún oní-díìsì kan, 1.2 fún oní-díìsì púpọ̀. Irin tó fọ́ lẹ́nu eré kì í ṣàánú ẹni. Gíábọ́ọ̀sì ló bú gbàù lábẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀ eré ìje Don Garlits ní California ní 1970, tó sì gé lára ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún.

Nígbà tí gíábọ́ọ̀sì bá ti wà nílẹ̀, kí atọ́kọ̀ṣe wo síìlì ẹ̀yìn kíráńkì, nítorí epo tó bá kán sórí díìsì ti bà á jẹ́. Kí ó pààrọ̀ bẹ́ríìnì tó ń ti sípíríìnì àti èyí tó di orí ọ̀pá gíábọ́ọ̀sì mú, kí ó nu ojú fúláíwíìlì tuntun kí òróró ilé iṣẹ́ kúrò lára rẹ̀, kí ó sì máa fún àwọn bóòtù tó dojú kọ ara wọn ní méjì-méjì, díẹ̀díẹ̀, kí ìwọ̀n wọn dọ́gba. Bí ó bá ń dá gíábọ́ọ̀sì padà, kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó rọ̀ sórí díìsì, nítorí àárín rẹ̀ á wọ́. Lẹ́yìn èyí, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ a máa béèrè máìlì 500 láìfa ẹrù, láìtẹ tọ́tù dé ìsàlẹ̀, kí ojú díìsì àti ti irin lè mọ ara wọn. Inú ìlú ni kí ó ti rìn ín, níbi tí yóò ti máa dúró tí yóò sì máa gbéra. Máìlì tó sá lójú ọ̀nà márosẹ̀ kò ka nǹkan kan níbẹ̀, torí pé kílọ́ọ̀ṣì tí a kò tẹ̀ kò fara ha irin.