C àti U: Iṣẹ́ Ọwọ́ A. S. Hornby

Gbé ìwé atúmọ̀ èdè Oxford tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí o ṣí i sí ibi tí "money" wà. Kí o tó kan ìtumọ̀, wàá rí lẹ́tà U kan ṣoṣo láàárín àkámọ́. Ohun tó ń sọ ni pé ọ̀rọ̀-orúkọ aláìṣeékà ni "money". Owó! Ohun tí ìyálọ́jà ń kà láti òwúrọ̀ di alẹ́, tí àwọn òṣìṣẹ́ báńkì ń fi ẹ̀rọ kà, òun ni Gẹ̀ẹ́sì ní a ò gbọdọ̀ kà. Ṣùgbọ́n wo "coin" àti "note" tí wọ́n jẹ́ owó gan-an: C ló wà lára tiwọn, wọ́n ṣeé kà. Ẹni tó bá ti ibí yìí bẹ̀rẹ̀ kò ní pẹ́ rí i pé kì í ṣe ohun tí ọwọ́ lè kà ni lẹ́tà náà ń tọ́ka sí. Ìṣe àwọn elédè ló ń tọ́ka sí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti lo ìwé yìí láti kékeré dé yunifásítì tí wọn ò fojú kan lẹ́tà méjèèjì. Ìtumọ̀ ni wọ́n ń wá, wọ́n a sì fo ohun tó ṣáájú rẹ̀. Lójú tèmi, ohun tí wọ́n ń fò yẹn ni iṣẹ́ tó jinlẹ̀ jù nínú ìwé náà. Ẹni tó fẹ́ kọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ lè wo bí àwọn tó ṣáájú ṣe kọ ọ́. Àmọ́ àwọn tó pín ọ̀rọ̀-orúkọ Gẹ̀ẹ́sì sí C àti U láti A dé Z, nígbà tí kò sí kọ̀ǹpútà tó lè bá wọn tú ìwé wò, etí wọn àti ìwé tí wọ́n ti kà ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé.

Albert Sydney Hornby ni aṣáájú wọn. Ìlú Chester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti bí i ní 1898. Ní 1924 ó kọjá sí Ōita, ní erékùṣù Kyushu ní Jàpáànù, láti máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣòwò kan ní lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò pẹ́ tó fi rí i pé èdè gan-an ni ìṣòro wọn, kì í ṣe lítíréṣọ̀. Èyí ló mú un dé ọ̀dọ̀ Harold Palmer, ọmọ London tó dá ilé-ẹ̀kọ́ ìwádìí lórí ìkọ́ni Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ ní Tokyo ní 1923. Lẹ́yìn tí Palmer padà sílé ní 1936, Hornby ń bá iṣẹ́ lọ. Ní 1937, òun, E. V. Gatenby àti H. Wakefield dáwọ́ lé ìwé atúmọ̀ èdè kan, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1940. Kó tó jáde, ogun dé, wọ́n sì há Hornby mọ́lé ní Tokyo. Nígbà tí ìwé náà jáde níbẹ̀ ní 1942, ilẹ̀ àwọn tó kọ ọ́ àti ilẹ̀ tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ ń bá ara wọn jà. Oxford University Press ya fọ́tò àwọn ojú ewé rẹ̀, wọ́n sì tún un tẹ̀ ní 1948. Òun ló di Advanced Learner's tí àwa náà mọ̀.

Ibi tí a ti bí ìwé yìí ṣe pàtàkì fún ọmọ Yorùbá. Èdè àwọn ará Jàpáànù kò ní "a", kò ní "the", ọ̀rọ̀-orúkọ wọn kì í sì í pa àwọ̀ dà tí nǹkan bá di méjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa. Ajá kan, ajá méjì, ajá ẹgbẹ̀rún: "ajá" kò kúrò ní "ajá". Níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ ni Hornby ti ń dúró lójoojúmọ́. Ó gbọ́ àṣìṣe wọn, ó sì mọ ìbéèrè tí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kì í bi ara rẹ̀ láéláé: ṣé kí n fi "a" síwájú èyí? Ṣé kí n fi "s" sí i nídìí? Ṣé "much" ni tàbí "many"? C àti U dáhùn ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà.

Fi èyí wé ohun tí a ń kọ́ ní ilé-ìwé. A ń ka ẹ̀yà ọ̀rọ̀-orúkọ lórí bí ìṣirò: common noun, proper noun, abstract noun (afòyemọ̀), collective noun. Kò burú, ó sì ń ran ọmọ lọ́wọ́ láti mọ ìdí tí lẹ́tà ńlá fi bẹ̀rẹ̀ orúkọ Ìbàdàn tí kò sì bẹ̀rẹ̀ "city". Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ̀ pé afòyemọ̀ ni "advice" kò tíì mọ bí yóò ṣe lò ó, torí afòyemọ̀ náà ni "idea". A ń sọ "ideas", a kì í sọ "advices". Àga ṣeé fojú rí, "furniture" náà ṣeé fojú rí. "Chairs" tọ́, "furnitures" kò tọ́. Ẹ̀yà tí a kọ́ lórí yẹn ń sọ irú ohun tí nǹkan jẹ́ nínú ayé. Ẹni tó fẹ́ kọ gbólóhùn sílẹ̀ nílò ohun mìíràn.

Ibi tí ọgbọ́n Hornby àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti hàn jù ni pé wọn ò lẹ lẹ́tà kan mọ́ ọ̀rọ̀ kan kí wọ́n sì kọjá lọ. Ìtumọ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fún ní lẹ́tà tirẹ̀. Wo "iron". Tó bá jẹ́ irin tí alágbẹ̀dẹ ń rọ, U ni. Tó bá jẹ́ áyọ́ọ̀nù tí a fi ń lọ aṣọ, C ni, "two irons" sì tọ́. Tó bá jẹ́ ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ tí wọ́n fi de ẹlẹ́wọ̀n, ọ̀pọ̀ nìkan ló máa ń jẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, síbẹ̀ ó wà ní ẹ̀yà mẹ́ta. Wo "hair" náà. "She has grey hair" túmọ̀ sí pé gbogbo orí ìyá náà ti funfun. "She has a few grey hairs" túmọ̀ sí pé ewú bíi mélòó kan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Àárín obìnrin méjèèjì lè tó ọgbọ̀n ọdún, "s" kan péré ló sì ya wọ́n. Ẹni tó ní òun jẹ "chicken", ẹran adìyẹ ló jẹ. Ẹni tó ní òun jẹ "a chicken", odindi adìyẹ ló sọ pé òun jẹ tán. Láti rí ìyàtọ̀ yìí nínú èdè tí a bí ọ bá gba sùúrù púpọ̀, nítorí ohun tí ẹnu ti mọ́ lára kì í tètè hàn sí etí.

Èyí tó máa ń dùn mí jù ni "experience", torí ó ń ṣe ìpalára fún àwọn tó ń wá iṣẹ́. Ọ̀dọ́ tó ti lo ọdún púpọ̀ nídìí ìṣirò owó á kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé "I have many experiences in accounting". Ohun tó fẹ́ sọ ni pé òun mọ iṣẹ́. Ohun tó kọ ni pé oríṣiríṣi nǹkan ti ṣẹlẹ̀ sí òun níbẹ̀. Ìmọ̀ iṣẹ́ tí ènìyàn kó jọ, U ni. Ìṣẹ̀lẹ̀ tí ojú ènìyàn rí, C ni. Ìwé náà yà wọ́n sọ́tọ̀ kedere, nọ́ńbà kan fún èyí, nọ́ńbà kejì fún ìyẹn. Olùkọ́ tó bá fi ojú ewé yẹn han kíláàsì rẹ̀ ní ọjọ́ kan ti ṣe wọ́n lóore tí yóò bá wọn dé ibi iṣẹ́.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí gbogbo wa jọ ń bá wọ̀yá ìjà: "advice", "information", "luggage", "equipment". Kò yani lẹ́nu. Ní Yorùbá, ìmọ̀ràn méjì tọ́, ẹrù mẹ́ta tọ́, ìròyìn mẹ́rin náà tọ́. Àwọn olùṣe ìwé náà kò fi "má ṣe é" nìkan sílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n fi gbólóhùn àpẹẹrẹ han ọ̀nà tí a ń gbà kà á: "a piece of advice", "two pieces of luggage", "an item of news". Ọgbọ́n yìí kò ṣàjèjì sí wa rárá. Kò sí ẹni tó ń dé ọjà tí yóò ní kí wọ́n ta gàrí mẹ́ta fún òun. Kóńgò gàrí mẹ́ta ni yóò sọ. "Piece" ni kóńgò tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń wọn ìmọ̀ràn. Tí olùkọ́ bá gba ọ̀nà yìí wọlé, ọmọ á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láìjiyàn, torí ọ̀nà ìwọ̀n ni wọ́n kọ́ ọ, kì í ṣe òfin.

Àwọn kan kò rọrùn bẹ́ẹ̀. "Coffee" jẹ́ U nínú ìkòkò, ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní ilé kọfí lè béèrè fún "two coffees", ife méjì ló sì ń béèrè. "News" ní "s" nídìí, síbẹ̀ "the news is good" ni à ń sọ. "Police" kò ní "s", ọ̀pọ̀ ló sì jẹ́: "the police are coming". Ṣòkòtò kan ṣoṣo tí ẹnì kan wọ̀, "trousers" ni, "these trousers are" sì ni a gbọ́dọ̀ sọ. Fún irú ìwọ̀nyí, lẹ́tà méjì kò tó mọ́, àmì mìíràn sì wà fún wọn.

"Committee" àti "team" ni mo fẹ́ràn jù nínú àwọn tó le. C ni wọ́n, torí "two committees" tọ́. Àmọ́ tó bá ku ọ̀kan, ọmọ Bírítéènì lè sọ "the committee has agreed", ó sì lè sọ "the committee have agreed", ó dá lórí bóyá ẹgbẹ́ náà lápapọ̀ ló wà lọ́kàn rẹ̀ tàbí àwọn tó jókòó síbẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà sábà máa ń dúró ti "has". Àwọn tó tún ìwé Hornby ṣe lẹ́yìn rẹ̀ kò fi agbára dá ẹjọ́ yìí. Wọ́n fi àmì kan kún C láti sọ pé ọ̀rọ̀-ìṣe ẹyọ àti ti ọ̀pọ̀ ló lè tẹ̀ lé e. Akọ̀wé ẹgbẹ́ tó ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé lè fi ọkàn balẹ̀ pé méjèèjì tọ́, kó mú ọ̀kan, kó sì dúró tì í láti ìlà àkọ́kọ́ dé ìlà ìkẹyìn.