Igbá Kékeré, Àmù Ńlá

Oníbàárà kan gbé ṣájà tó ti kú wá sórí tábìlì mi ní Dékon, nílùú Lomé níbí. Kò tóbi ju páálí ìṣáná mẹ́ta lọ, bẹ́ẹ̀ ó ń fún kọ̀ǹpútà alágbèéká ní wáàtì 65. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, ṣájà tó lágbára tó bẹ́ẹ̀ kún ọwọ́ fọ́fọ́.

Ohun tí ọ̀gá mi kọ́kọ́ kọ́ mi ni mo kọ́kọ́ ṣe: mo pa iná tó ṣẹ́ kù sínú kàpásítọ̀ ńlá rẹ̀. Bí a bá tilẹ̀ ti yọ ṣájà kúrò lára ògiri, iná tó tó fóltì 310 lè wà níbẹ̀ tí yóò máa dúró de ọwọ́ ẹni. Lẹ́yìn náà ni mo tì í sábẹ́ máíkrósíkóòpù.

Iṣẹ́ ṣájà ni kó máa já iná, kó máa so ó, kó sì máa bù ú fún tìrànsífọ́mà díẹ̀díẹ̀. Ẹ wo ẹni tó ń pọnmi kún àmù. Bó bá ń rọra rìn, korobá ńlá ni yóò gbé. Bó bá yára lẹ́sẹ̀, igbá kékeré tó o. Tìrànsísítọ̀ sílíkọ́nì inú ọ̀pọ̀ ṣájà àtijọ́ ń já iná, ó ń so ó, ní nǹkan bí ìgbà 65,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí a bá lé e kọjá agbára rẹ̀, ooru ni yóò pa á. Èyí tí wọ́n fi gallium nitride ṣe ń kọjá 100,000 dáadáa, ara rẹ̀ kò sì gbóná tó bẹ́ẹ̀. Ìdí tí tìrànsífọ́mà fi lè kéré nìyẹn, tí ṣájà fúnra rẹ̀ náà sì kéré.

Gallium nitride kan náà ló ń tan iná LED aláwọ̀ búlúù, èyí tó bí gílóòbù funfun ilé wa. Òun ló gba ẹ̀bùn Nobel fún Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura ní 2014. Mo fẹ́ràn láti máa wo tìrànsísítọ̀ rẹ̀ nínú ṣájà yìí: dúdú pẹlẹbẹ, kò ju èékánná ọmọdé lọ, ó fi àyà lé bọ́ọ̀dù.

Mi ò kì í ju bọ́ọ̀dù tó kú nù. Lomé mọ iyì irú ẹrù bẹ́ẹ̀: ní 2013, Kodjo Afate Gnikou fi ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà àti skánà tí wọ́n ti jù sílẹ̀ ṣe ẹ̀rọ atẹ̀wé 3D ní ibùdó ìmọ̀ ẹ̀rọ WoeLab, nílùú yìí kan náà.

Mo padà sídìí ṣájà náà. Mo fi mítà wọn tìrànsísítọ̀ rẹ̀, ara rẹ̀ le koko. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi tẹjú mọ́ ọn títí. "Ọ̀gá, ẹ wò ó, ó là níbí." Lóòótọ́ ni. Yíká ẹsẹ̀ tìrànsífọ́mà kan, òjé ti sán, ìlà dúdú tó tín-ín-rín ju irun lọ. Ṣájà náà ti jábọ́ rí.

Mo ní kó fọwọ́ ara rẹ̀ jó o. Ó yọ òjé àtijọ́ kúrò, ó fi tuntun sí i, ó dúró títí ó fi tàn yòò bí ẹyin ojú. A tì í bọ iná. Mítà ka fóltì 20. Lẹ́yìn ìdajì wákàtí, mo fọwọ́ kàn án: ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.