Gíláàsì Tó Já Sínú Ilẹ̀kùn

Bí gíláàsì mọ́tò tó ń lo iná bá já kúrò níbi tí wọ́n so ó mọ́, ẹni tó ni mọ́tò á tẹ bọ́tìnnì títí, yóò máa gbọ́ ìró nínú ilẹ̀kùn, gíláàsì ò sì ní gòkè. Nígbà mìíràn, ẹ̀gbẹ́ kan á gòkè, èkejì á sì kọ̀ jálẹ̀. Kò sí bí ọkàn onímọ́tò ṣe fẹ́ balẹ̀ nígbà tí òjò bá ṣú. Ìgbà yẹn gan-an là ń mọ iyì réwáyà tó mọṣẹ́.

Ọgbọ́n fífi iná gbé gíláàsì mọ́tò ti pẹ́. Ọdún 1940 ni ilé-iṣẹ́ Packard ní Amẹ́ríkà ti fi irú gíláàsì bẹ́ẹ̀ sí mọ́tò. Nínú ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó ń rin títì wa lónìí, ẹ́ńjìnnì kékeré kan wà nínú ilẹ̀kùn tó ń jẹ iná bátìrì. Òun ló ń ká wáyà irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń fa gíláàsì gòkè, bí okùn ṣe ń fa korobá láti inú kànga. Ike kékeré ló sábà máa ń so wáyà náà mọ́ gíláàsì. Ooru a máa sọ ike ọ̀hún di gbígbẹ, eruku a sì máa mú kí gíláàsì há sínú rọ́bà. Bó bá pẹ́, ike á kán.

Réwáyà gidi kì í sáré ní kí ẹ lọ ra odidi ẹ̀rọ tó ń gbé gíláàsì ní Ládípọ̀ l'Ékòó tàbí ní Géètì n'Ìbàdàn. Ó máa ń kọ́kọ́ tẹ́tí. Bó bá gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì, ó mọ̀ pé iná dé ibẹ̀. Bí kò bá gbọ́ nǹkan kan, á yẹ fíúsì àti súwíìṣì wò. Lẹ́yìn náà ni yóò tú ìbòrí ilẹ̀kùn, tí yóò sì rọra ṣí náílọ́ọ̀nù tó wà lẹ́yìn rẹ̀, nítorí náílọ́ọ̀nù yẹn ni kì í jẹ́ kí omi òjò wọnú mọ́tò.

Bó bá ti pààrọ̀ ike tó kán, ibi tó dùn ún wò jù ló kàn. Ọmọ iṣẹ́ á fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì di gíláàsì mú lókè. Ọ̀gá á ki ọwọ́ bọ ihò inú ilẹ̀kùn níbi tí ojú ò ti ríran, ìka rẹ̀ nìkan ni yóò máa wá ojú nọ́ọ̀tì. Kò ní fún un pa lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Á kọ́kọ́ gbé gíláàsì lọ sókè kó jókòó dáadáa sínú rọ́bà, kó tó wá fún nọ́ọ̀tì le, níwọ̀nba, kí gíláàsì má baà fọ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹ̀yin onímọ́tò, bí gíláàsì yín bá ti ń lọ́ra, ẹ má fi ipá tẹ bọ́tìnnì mọ́. Ẹ nu rọ́bà rẹ̀ mọ́, kí ẹ sì tètè gbé mọ́tò lọ sọ́dọ̀ réwáyà. Ẹni tó bá sì fi sùúrù tún un ṣe, ẹ sanwó iṣẹ́ rẹ̀ fún un tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Ó tọ́ sí i.